Ẹfúnyẹmí àti Tábìlì Ìlú Pẹrẹsẹ

Ohun mẹ́rin ni ó bàjẹ́. Èkíní, Láoyè káfíńtà wọ Igbó Àìdúró lọ wá igi ọ̀gánwó, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì, nígbà tí àwọn oníbodè ìlú Pẹrẹsẹ bi í léèrè bóyá ó lè gbé nǹkan sókè, ó ní kò sí ohun tí ọwọ́ òun kò lè gbé. Ẹ̀kẹta, wọ́n gbà á gbọ́. Ẹ̀kẹrin, ìka méjì ti kúrò ní ọwọ́ òsì rẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó mọ ibi tí ó wà.

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń dà láàmú kí ó tètè hú u, nítorí ìtàn yìí kì í dúró de oníkọ́. Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí ti wo ẹfọ̀n lójú rí títí ẹfọ̀n fi yẹjú, mo ti bá iwin jìjàkadì lórí ẹyọ gbòǹgbò kan, ìwọ̀nba aṣọ ni ó fà ya lára mi. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ẹfúnyẹmí ni, ìyàwó Láoyè, ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Káfíńtà ni òun náà. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ níṣẹ́ kí ó tó lọ́kọ, ojú rẹ̀ sì mú ju ayùn lọ. Bí ẹ bá gbé àga wọlé, tí ẹsẹ̀ kan fi ìwọ̀n irun gùn ju mẹ́ta yòókù lọ, Ẹfúnyẹmí yóò ti rí i kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e. Kì bá burú bí ó bá lè rí i kí ó dákẹ́. Kò lè dákẹ́. Ohun tí ó bá wọ́, yóò sọ pé ó wọ́, ì báà jẹ́ àga ọba.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tí Láoyè ti jáde nílé, odò ẹ̀yìn abúlé wa gbé pákó kan wá sí etí omi. Àwọn tí ń fọṣọ fẹ́ fi í jókòó. Ẹfúnyẹmí gbà á lọ́wọ́ wọn. Lára rẹ̀ ni ó ti rí àmì tí òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń fà sára igi tí wọ́n bá gé ṣì, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á fún oníbàárà. Àwòrán àtẹ́lẹwọ́ kan wà lábẹ́ àmì náà. Ìka mẹ́ta péré ni ó ní. Ọfà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó kọjú sí òkè odò.

Kò ké. Ó di ayùn, ìfági, òòlù àti òrí díẹ̀ sínú àpò, ó fi Àjọkẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì kọjú sí òkè odò. Èmi ni mo sìn ín dé etí Igbó Àìdúró. Kí ló dé tí n kò bá a wọlé? Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Àjàdí, kí ni o ń rẹ́rìn-ín sí? Ṣé ẹsẹ̀ ọdẹ kì í dunni ni?

Igi inú igbó náà kì í dúró lójú kan. Bí ènìyàn bá fi ìrókò kan ṣe àmì, tí ó bá fi máa wẹ̀yìn, ìrókò ti rìn lọ. Ẹni tí ó gbójú lé igi ibẹ̀ yóò máa yí ká títí egungun rẹ̀ yóò fi funfun. Ẹfúnyẹmí kò gbójú lé ìkankan. Ó dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kọjá, títí ó fi rí ẹyọ kan tí gbogbo wọn ń yà fún. Igi ayín ńlá kan ni, ìtàkùn kan sì wé mọ́ ọn láti ìdí dé orí.

Bí ó ti dé ìdí rẹ̀ ni ohùn kan sọ̀rọ̀ láti òkè, ó gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ.

“Kí ni ń yí po bí òmùgọ̀, tí kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ tí ó dé òkè?”

Ẹfúnyẹmí fẹ́ ronú, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ òun kò ṣeé gbé mọ́. Gbòǹgbò kan ti yọ láti inú ilẹ̀, ó ti di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Òmíràn ń bọ̀ ní orúnkún. Èèpo igi ti ń hù ní èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó wá yé e ohun tí àwọn igi tí ń rìn nínú igbó náà jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ènìyàn ni wọ́n. Wọ́n kùnà àlọ́.

Gbòǹgbò dé ìbàdí rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó sì wo igi náà bí káfíńtà ti ń wo igi.

“Ìtàkùn ni!” ni ó ké.

“Bí ó bá dá ọ lójú, gba ọ̀nà rẹ̀ wá.”

Gbòǹgbò tú u sílẹ̀, ó sì gun orí ìtàkùn náà bí ẹni gun àkàsọ̀. Ìtàkùn kò lọ sókè tààrà. Yíyí ni ó ń yí igi ká, ẹ̀gún sì wà lára rẹ̀. Bí ó bá yí igi náà ká lẹ́ẹ̀kan pé, ó bá ara rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan lókè ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kò lé, kò dín. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ìgbọ̀nwọ́ kan náà ni. Igi ń mì, atẹ́gùn ń já a gbà, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kánjú, ẹ gbọ́: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn. Ìyípo mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ó kà kí ó tó dé orí.

Ìyá kan jókòó síbẹ̀, kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ, ọrùn rẹ̀ sì ń yí po láìdúró. Ìyá Oníyìípo ni orúkọ rẹ̀.

“Kí ni o wá wá?”

“Ọkọ mi, Ìyá.”

“Ọkọ kì í so lórí igi.”

“Mo mọ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ga tó báyìí yóò ti rí ibi tí ó wà.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ọrùn rẹ̀ fi yí lẹ́ẹ̀mẹta. “Abẹ́ tábìlì kan ni ó wà ní Pẹrẹsẹ. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun gbogbo, àfi bí a ti ń gbé irin sókè. Ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé e.”

Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀, ó sì fa irin gígùn kan yọ. Wọ́n ti gé ọ̀nà tóóró yí irin náà ká láti ìdí dé orí, bí ìtàkùn lára igi. Ó yọ òrùka nípọn kan tẹ̀ lé e, tí inú rẹ̀ bá ara irin náà mu. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bóòtù àti nọ́ọ̀tì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ìran kan náà ni.

“Gbà,” ni Ìyá Oníyìípo wí. “Irin yìí kì í purọ́ bí ó bá ń gòkè. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ṣọ́ra. Àyè díẹ̀ wà láàárín òun àti òrùka rẹ̀, inú àyè yẹn ni irọ́ ń gbé.”

Bí Ẹfúnyẹmí ṣe dé Pẹrẹsẹ kò gùn láti sọ. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn igi tí ń rìn, tí ó ti dẹ́rù bà á, ni ó gbé e dé ẹnu odi. Àwọn ará ìlú náà ní orí títẹ́ pẹrẹsẹ, wọn kì í fi òṣùká ru ẹrù, wọ́n sì máa ń wo ènìyàn láti òkè wá sílẹ̀ bí ẹni tí ń wá ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá a.

Tábìlì náà wà láàárín ìlú lábẹ́ àtíbàbà, ó fẹ̀ bí àgbàlá. Ihò kan wà ní àárín rẹ̀. Láti inú ihò náà ni Eyín-Àyípo ti yọ, irin mímú kan tí ń yípo tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pákó kọjá lórí rẹ̀, yóò gbẹ́ ihò gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ pákó náà. Àwọn káfíńtà wa ní irú rẹ̀, ráútà ni wọ́n ń pè é. Iná ni tiwa ń lò. Ìjì kékeré kan ni wọ́n dè mọ́ inú ti Pẹrẹsẹ. Bí ihò yóò bá jìn, Eyín gbọ́dọ̀ yọ sókè púpọ̀. Bí kò bá ní jìn, kí ó yọ díẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ bí ó ti ga tó.

Kí ni ó wá ń gbé e ga? Ènìyàn méjìlá. Wọ́n lóṣòó lábẹ́ tábìlì, ọkùnrin méje, obìnrin márùn-ún, irin náà lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Mo ti rí ẹkùn tí ó ń jẹ ọmọ rẹ̀, ara mi kò gbọ̀n tó bí ó ti gbọ̀n nígbà tí mo gbọ́ èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó pàṣẹ pé ẹ̀yìn ènìyàn ni kí a fi ṣe ẹsẹ̀ tábìlì?

Ẹni tí ó pàṣẹ nìyí. Ìwọ̀n-kì-í-ṣì ni orúkọ rẹ̀, òun ni olórí àwọn káfíńtà Pẹrẹsẹ. Ó ga bí ènìyàn méjì tí wọ́n gun ara wọn léjìká, apá ọ̀tún rẹ̀ sì gùn dé ilẹ̀. Àmì méje ni wọ́n fín sára apá náà láti orí ìka dé èjìká, apá yẹn sì ni òṣùwọ̀n gbogbo ìlú. Yóò jókòó sórí àpótí gíga, yóò ké pé, “Ó di àmì kẹta!” Àwọn abẹ́ tábìlì á gbé Eyín sókè. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ihò tán, yóò ti apá rẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí àmì bá bá ẹnu ihò mu, yóò dákẹ́. Bí kò bá bá a mu, wọ́n á gé ìka ẹnì kan. Ilẹ̀kùn ọba ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́, ó nípọn bí odi, ihò méje ni ó gbọ́dọ̀ ní. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá ti bàjẹ́.

Ẹfúnyẹmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

“Bàbá Àjọkẹ́.”

“Ta nì yẹn? Ẹfún? Má fojú wo òkè, lẹ́búlẹ́bú pákó yóò wọ̀ ọ́ lójú.”

“Ẹ mú ọwọ́ yín wá kí n wò ó.”

“Bí mo bá mú un wá, ta ni yóò di èyí mú?”

“Ìka mélòó?”

“Ó ti di mẹ́ta.” Láoyè gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀kẹta lọ lẹ́yìn tí mo ti ju pákó sódò. Ìyókù ṣì tó di òòlù mú.”

“Ta ni ó ní kí ẹ sọ pé kò sí ohun tí ẹ kò lè gbé?”

“Ẹnu mi ni. Bá mi nà án tí a bá délé.”

Obìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìyí ojú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má pa á lẹ́rìn-ín. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, irin ń mì. Bí irin bá mì, ìka tèmi ni ó kàn.”

Ẹfúnyẹmí dìde. Ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí gíga náà, ó kí i bí a ti ń kí àgbà.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ṣé o lè gbé nǹkan sókè?” ni Ìwọ̀n-kì-í-ṣì bi í.

“N kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n mo lè ṣe ohun tí yóò máa gbé e.”

Ìlú rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀n-kì-í-ṣì kò rẹ́rìn-ín. “Ìka kò dọ́gba, ọmọbìnrin. Òkè tábìlì wà fún àwọn kan, abẹ́ rẹ̀ wà fún àwọn kan.”

“Òótọ́ ni, Bàbá, ìka kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá wọn bẹ́ẹ̀ kò gé wọn.”

Ìwọ̀n-kì-í-ṣì tẹ orí títẹ́ rẹ̀ síwájú. “Ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ìwọ ni o ó gbẹ́ ihò méjèèje. Bí gbogbo wọn bá bá apá mi mu, kó àwọn méjìlá máa lọ. Bí ẹyọ kan bá ṣì, ìwọ ni ẹ̀kẹtàlá wọn, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àtàǹpàkò rẹ.”

“Mo gbà.”

Láoyè gbọ́ ọ láti abẹ́ tábìlì, ó di ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, ó fi igi ayín ṣe férémù tí yóò wà lábẹ́ ihò tábìlì. Ó na igi méjì ró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó fi pákó kan sáàárín wọn, pákó tí yóò gbé Eyín-Àyípo, tí yóò sì máa yọ̀ lọ sókè sódò. Ó ri òrùka Ìyá Oníyìípo mọ́ inú pákó yìí. Ó wá gbé irin oníyìípo dúró gba inú òrùka náà kọjá, ó de orí àti ìdí irin mọ́ férémù, kí ó lè máa yí ṣùgbọ́n kí ó má ríbi lọ. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ibẹ̀? Bí irin bá ń yí tí kò ríbi lọ, pákó ni yóò máa gùn ún bí obìnrin náà ti gun ìtàkùn. Ó fi kẹ̀kẹ́ kékeré kan sórí irin, ó fa ìlà mẹ́jọ yí i ká, kí ọwọ́ lè máa yí i, kí ojú sì lè máa ka ìdajì àti ìdámẹ́rin.

Ní ọjọ́ kejì, ó yí kẹ̀kẹ́. Pákó gòkè díẹ̀, ó há. Ó yí i tipátipá, ó ń dún bí ẹni tí ń ké ìrora. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó sì rí i pé igi méjèèjì tí ó nà ró fi ìwọ̀n èékánná jìnnà sí ara wọn ní ìsàlẹ̀ ju òkè lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ti lọ. Ó fá wọn lákọ̀tun, ó fi òrí pa wọ́n lára, nígbà tí oòrùn ń rọ̀, pákó ti ń yọ̀ bí ẹja lọ́wọ́. Ìyípo mẹ́jọ ni ó ń gbé Eyín láti àmì kan dé èkejì.

Ọjọ́ kẹta ni ìbẹ̀rù dé. Ó gbé Eyín ga dé àmì kẹta, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí èkejì, ó sì ti pákó ìdánwò kọjá lórí rẹ̀. Ihò náà pé ní ìbẹ̀rẹ̀. Láti àárín lọ, kò jìn tó mọ́. Ó tún un ṣe. Bákan náà ni. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kẹrin ni, àtàǹpàkò rẹ̀ ìbá ti wà nílẹ̀. Ó jókòó sórí lẹ́búlẹ́bú.

Láoyè, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ irin nítorí wọn kò gbà kí férémù dá nìkan gbé e kí ọjọ́ tó pé, ni ó sọ̀rọ̀. “Ó já bọ́.”

“Kí ni ó já bọ́?”

“Eyín ni. Nígbà tí igi fẹnu kàn án, ó já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kékeré ni, bí ìgbà tí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ àkàsọ̀ rò pé òun ti délẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan ṣì kù.”

Ta ni ó tún lè mọ èyí? Irin ti gbé orí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin yìí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹfúnyẹmí fò dìde. Àyè láàárín irin àti òrùka! Nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀, òrùka ti fi irin sílẹ̀ díẹ̀, ògiri igi ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ó di pákó mú. Bí iṣẹ́ bá ti mì ín, yóò já bọ́ sínú àyè náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí àmì kejì, àfi kí ó kọjá rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kí ó sì ti ìsàlẹ̀ gòkè padà wá bá a, kí òrùka lè jókòó lórí irin pátápátá. Ó gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú, èyí tí yóò máa há sí ẹ̀gbẹ́ pákó lẹ́yìn yíyí kí ohunkóhun má lè mì ín. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dọ́gba.

Ní ọjọ́ kẹrin, gbogbo Pẹrẹsẹ pé jọ. Àwọn méjìlá gbé ọwọ́ kúrò lábẹ́ irin fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò gbé ọwọ́ náà sí. Wọ́n lóṣòó síbẹ̀, wọ́n ń wo kẹ̀kẹ́.

“Àmì kìíní!”

Ẹfúnyẹmí yí i lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó há a, ó ti ilẹ̀kùn kọjá. Àwọn ọmọ ìlú ń kà á sókè. Ìwọ̀n-kì-í-ṣì ti apá bọ ihò. Ó dákẹ́.

“Àmì kẹta!”

Mẹ́rìnlélógún. Ó dákẹ́.

Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Padà sí àmì kejì.” Ẹni tí ó wà lábẹ́ tábìlì mọ̀ pé iṣẹ́ tí ó le jù nìyẹn, nítorí ọwọ́ tí ó ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ó máa ń gbọ̀n.

Ẹfúnyẹmí yí i sísàlẹ̀. Ó dé àmì kejì. Kò dúró.

“Ó ti kọjá!” ni ìlú hó. “Ó ti kọjá o! Ẹ gbé ọ̀bẹ wá!”

Láoyè bu ètè rẹ̀ jẹ. Obìnrin náà kò yí ojú sí wọn. Ó lọ sísàlẹ̀ ní ìyípo kan gbáko, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, ìlà kan, ìlà méjì, títí ìlà mẹ́jọ fi pé. Ó há a. Ó ti ilẹ̀kùn. Ìwọ̀n-kì-í-ṣì ti apá bọ̀ ọ́ títí, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó dákẹ́.

“Àmì kẹrin,” ni ó wí. Kò ké e mọ́.

Méjìlélọ́gbọ̀n. Ó há a. Eyín ké, ilẹ̀kùn kọjá. Ìwọ̀n-kì-í-ṣì ti apá bọ ihò, àmì kẹrin sì rì sínú rẹ̀ kọjá ẹnu ihò.

“Ó jìn jù!”

Ọwọ́ mẹ́fà gbá Ẹfúnyẹmí mú. Wọ́n tẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ sórí tábìlì. Láoyè yọ jáde, wọ́n tì í padà. Ọ̀bẹ ti dé.

Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò sí lára ọ̀bẹ. Ara apá tí ó wà nínú ihò ni ó wà.

“Ìlú Pẹrẹsẹ, ẹ̀yin ni ẹ kà á! Ìyípo mélòó ni àmì kìíní?”

“Mẹ́jọ,” ni wọ́n dáhùn.

“Èkejì?”

“Mẹ́rìndínlógún.”

“Ẹ̀kẹta?”

“Mẹ́rìnlélógún.”

“Ṣé ó pé?”

“Ó pé.”

“Ìyípo mẹ́jọ ni mo tún fi kún un. Irin tí kò ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ni ó sọ fún un kí ó ṣì lẹ́ẹ̀kẹrin? Ẹ fún mi ní igi kan kí ẹ tó gé mi.”

Ìran Pẹrẹsẹ fẹ́ràn òṣùwọ̀n ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Wọ́n fi ọwọ́ kan sílẹ̀ fún un. Ó gé igi kékeré kan tí ó gùn bí ihò kìíní ti jìn gẹ́lẹ́, ó sì gbé e lé apá Ìwọ̀n-kì-í-ṣì. Láti orí ìka dé àmì kìíní, ó bá a mu. Láti ìkíní dé èkejì, ó bá a mu. Láti èkejì dé ẹ̀kẹta, ó bá a mu. Láàárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni ìgbọ̀nwọ́ wà. Igi náà yọ kọjá àmì.

“Bàbá, ẹ na apá yín.”

“Ó ti nà.”

“Kò nà. Ẹ nà án kí gbogbo ayé rí i.”

Ó gbìyànjú. Iṣan ọrùn rẹ̀ ta, òógùn bọ́. Ìgbọ̀nwọ́ náà ti ká, kò lè tọ́ mọ́, bóyá ọdún ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bóyá àpótí gíga náà ni, kò sí ẹni tí ó jẹ́ wò ó rí. Ẹfúnyẹmí kọjú sí abẹ́ tábìlì.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, àmì wo ni wọ́n ti gé ìka yín?”

“Ẹ̀kẹrin,” ni Láoyè wí. “Ní ti ìka mi kẹta, àmì karùn-ún ni.”

“Ẹ̀kẹrin,” ni obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wí.

“Ẹ̀keje.”

“Ẹ̀kẹrin. Ẹ̀kẹfà. Ẹ̀kẹrin.”

Kò sí ẹnì kan tí ó dárúkọ ìkíní, tàbí èkejì, tàbí ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó mú ọ̀bẹ gbé e sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti gbóná. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa kò yẹ̀: bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Àwọn méjìlá jáde wá sí inú oòrùn. Ẹ̀yìn wọn kò tíì lè nà. Láoyè fi ọwọ́ tí ó kù fún un di ìyàwó rẹ̀ mú.

“Ìyá Àjọkẹ́, ó tó. Jẹ́ kí a máa lọ sílé.”

“Máa kó wọn lọ,” ni Ìwọ̀n-kì-í-ṣì náà wí láti orí àpótí, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. “Ẹ̀kíní títí dé èkejìlá, gbogbo wọn. Bí ihò mẹ́ta tilẹ̀ kù, àdéhùn ti pé. Kí ni o tún ń dúró dè?”

Ẹfúnyẹmí kò mira. Ẹ̀kíní títí dé èkejìlá! Irú orúkọ tí ó ń pè wọ́n láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sókè kí ìlú lè rí i, ó sì kọjú sí ọ̀gá náà.

“Ìwọ̀n-kì-í-ṣì, sọ̀kalẹ̀ láti orí àpótí yẹn. Dúró níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o bi olúkúlùkù ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kí o pè é ní orúkọ náà, kí o sì wí fún un lójú gbogbo ìlú pé, ‘Ọwọ́ rẹ kò ṣì. Apá mi ni ó ṣì.’ Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Láoyè ni orúkọ rẹ̀. Ó yá, wí i.”